Awọ Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ̀jẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ mi ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ńlá kan ní Enugu, mo ti fa ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ àná, mo ti fà á lára sọ́jà gìrìwò tó dákú kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, mo sì ti jẹun ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ní a ò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló dẹ́rù bà mí rí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ni. Ọjọ́ tí mo sì rí ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìyá mi yìí kan náà ni ọmọ mi ọwọ́ wà nílé.

Ayé SAP ni, tí owó náírà di yẹpẹrẹ, nígbà tí àwọn dókítà ń wọ́ lọ sí Saudi bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Ọ̀gá tiwa ní tirẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀ wálé, àwa sì rò pé nǹkan kan ń ṣe é ni. Ọmọ Ìgbò ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ìbéèrè kan ló gbé ti òkè òkun bọ̀: kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà kan fi ń gbàgbé, tí wọ́n á gbàgbé títí tí wọ́n á fi gbàgbé ọmọ tí wọ́n bí?

Àwa nílé wa, a kúkú mọ èsì tá a máa ń fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A ó ní ó ń ṣarán ni. A ó ní ayé ló ṣe é. Bó bá wá jẹ́ obìnrin, a lè ní ó ń jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá ní rárá, ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, àmọ́ ta ló fẹ́ la orí alààyè wò? Ó ní ká wo ẹ̀jẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ní awọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, ọ̀rá ló sì pọ̀ nínú awọ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe pọ̀ nínú awọ àwọn hóró inú ọpọlọ. Bí ti inú ọpọlọ bá ń bàjẹ́, ó lè jẹ́ pé ti inú ẹ̀jẹ̀ náà ń bàjẹ́ níwọ̀nba tirẹ̀, ká kàn má tíì bi í léèrè ni.

Bá a ṣe ń bi í nìyí. A ó to àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó, a ó rọ omi iyọ̀ sínú wọn. Ti àkọ́kọ́ á níyọ̀ dáadáa, ti èyí tó tẹ̀ lé e á dín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán. A ó wá kán ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iyọ̀ bá ti pọ̀ tó, àwọn hóró á rọra jókòó sísàlẹ̀ ìgò, omi orí wọn á mọ́ gaara. Níbi tí iyọ̀ bá ti kéré jù, hóró á mumi, á wú, awọ rẹ̀ á bẹ́, gbogbo ìgò á sì pọ́n bí omi ìṣápá. Ẹ̀jẹ̀ tí awọ rẹ̀ yi á fara dà á títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dé òpin pákó. Èyí tí awọ rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ á ti máa pọ́n láti àárín.

A lọ bá àwọn àgbàlagbà ní Emene, a lọ sí Amechi, a sì wá sí Awkunanaw tí èmi gan-an ń gbé. Àwọn tí ọmọ wọn bá ní wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́, a ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Kó tó di pé a gbà á, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Nsukka á kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè, ká lè mọ bí orí wọn ṣe rí. Kì í bi wọ́n bóyá Mọ́ńdè lòní àbí Túsìdeè o. Ọjọ́ ọjà ló ń bi wọ́n: ṣé Eke ni, àbí Orie, àbí Afọ, àbí Nkwọ? Arúgbó Ìgbò tó bá gbàgbé ọjọ́ ọjà, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Mo rí ìyá kan ní Amechi tó ṣí ẹnu, tí kò rí nǹkan kan sọ, tó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gbogbo ìgbà o, ẹ̀jẹ̀ irú wọn máa ń tètè pọ́n. Ọ̀gá ò jẹ́ ká yọ̀ sí i. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ fún wa pé ìbéèrè là ń béèrè, a ò tíì rí ìdáhùn.

Ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn. Ó wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó gbé ògì gbígbẹ, ọṣẹ dúdú, àdí àti kànìnkànìn dání, bí ẹni pé wọn ò bímọ rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbò. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kò tíì mumi tó fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Lọ jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Mo lọ jókòó lóòótọ́, mo sì sunkún. Ọmọ kẹta ni, ara mi ò tíì bọ̀ sípò, ìsinmi tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ sì ti ń tán lọ. Mi ò lẹ́bí kankan ní Enugu. Àwọn ẹbí ọkọ mi wà lábúlé wọn, oníkálukú pẹ̀lú oko tirẹ̀. Ká ní ìyá mi ò sí, bóyá kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, bóyá kí n gbé ọmọ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kó yé yín: ọmọ mi tí kò tíì lè jókòó ni mo ń fi sọ́wọ́ obìnrin yìí láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọkọ mi, ọmọ Ìgbò, ilé iṣẹ́ irin kan ní Emene ló ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ni Yorùbá tó gbọ́, òun ló sì fi ń kí ìyá mi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ìyá mi á ṣàdúrà fún un, á wá sọ ọ̀rọ̀ gígùn lé e, ọkọ mi á máa mi orí, á máa ní "Yes, Mama." Àwọn ọmọ mi obìnrin méjèèjì tó ṣáájú ọmọ ọwọ́, wọn ò gbọ́ Yorùbá kọjá "wá jẹun" àti "màá gbá ẹ." Ẹ má bú mi. Òyìnbó nílé ìwé, Pidgin níta, Ìgbò lọ́dọ̀ aládùúgbò, èmi ìyá wọn sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú orí fífọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi dandan kọ́ wọn: bí ìyá àgbà bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní "Ẹ ṣé, mà." Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ò gbọ́. Mi ò fẹ́ kó délé lọ sọ pé àwọn ọmọ tí mo bí sí Enugu ò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà sì gbọ́ràn. Ìyá mi á máa yìn wọ́n fún mi pé ọmọ gidi ni wọ́n.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbàgbé ti tó, a nílò ti àwọn àgbàlagbà tórí wọn pé pérépéré, ká lè fi wé ara wọn. Ó ní kí oníkálukú mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá. Ẹ wá wo ìdíje! Gbogbo òṣìṣẹ́ ń mú òbí wọn wọlé bí ẹni ń mú ìyàwó wọlé. Awakọ̀ wa mú bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú fìlà pupa àti ọ̀pá. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Mo wọṣọ fún ìyá mi, mo bá a wé gèlè níwájú dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀, mo fi tasí gbé e wá, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí i, ó béèrè ọjọ́ ọjà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Ọjọ́ ọjà? Ọjà ibo?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, níbo ni ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ti fẹ́ mọ Eke àti Orie? Nọ́ọ̀sì bi í lórúkọ àdúgbò tá à ń gbé, kò mọ̀ ọ́n. A ní orúkọ Ìgbò ni. Ó bi í lórúkọ gómìnà, kò mọ̀ ọ́n. A ní kì í ṣe ìpínlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ fi Mama sílẹ̀ jàre, Yorùbá ni." Wọ́n sì fi í sáàárín àwọn tórí wọn pé. Èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé, ó ní, "Ọmọ tí mo fẹ̀jẹ̀ bí tún ń fa ẹ̀jẹ̀ mi. Kò burú. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n." Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wá gbé òun àti ọmọ padà sílé.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí mo fi gbé pákó ìgò náà sójú fèrèsé. Mo wò ó, mo rò pé mo ti ṣi ìgò tò ni. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti pọ́n láti àárín pákó, níbi tí ti ìyá Amechi tó ń sunkún ti pọ́n gan-an. Ti bàbá awakọ̀, tó dàgbà ju ìyá mi lọ dáadáa, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ́ gaara níbẹ̀. Àyà mi já. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ ìgò, mo po omi iyọ̀ mìíràn, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí tábìlì, mi ò nù ún. Ibi tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ náà ló tún ti pọ́n.

Mo gbé pákó náà lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ wo èyí, sà."

Ó wò ó. "Ti ta ni?"

"Ti ìyá mi ni, sà."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kí n má ka nǹkan kan sí i, pé ibà lè fa irú rẹ̀, ohun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ìdílé rìn lè fà á. "Mo ti ń sọ fún yín," ló wí. "A lè fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn béèrè ọ̀rọ̀. A ò lè fi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sọ bí ọ̀la rẹ̀ ṣe máa rí. Ṣé Mama ń gbàgbé nǹkan nílé?"

"Rárá, sà."

"Ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè?"

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ló wá yé mi pé kò sí ẹyọ kan tó dáhùn. "Wọ́n fò ó, sà," ni mo wí. "Wọ́n ní Yorùbá ni."

Ọ̀gá tún wo pákó náà. Inú bá bí mi. Ẹ̀rù tèmi kì í jáde bí ẹ̀rù, ìbínú ló máa ń bá jáde. Mo ní bí ẹ̀jẹ̀ ò bá lè sọ nǹkan kan, kí la wá ń fi abẹ́rẹ́ gún àwọn arúgbó olórúkọ-rere kiri fún? Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní kí n lọ mumi. Nígbà tí mo padà sí ìdí tábìlì, mo mú abẹ́rẹ́ mìíràn láti fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, kí n wo ibi tí tèmi máa ti pọ́n. Mo dá abẹ́rẹ́ náà padà sínú ike. Mi ò láyà ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ìyá mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo dé nírọ̀lẹ́, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?" bó ṣe máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Mo ní kí lẹ jẹ lónìí? Ó ní, "Oúnjẹ náà ni." Mo ní ṣé ọmọ sùn? Ó ní, "Ọmọ ò ṣe wàhálà." Tẹ́lẹ̀, èsì wọ̀nyí ti máa ń tù mí lára. Ìgbà tí ẹ̀rù ti wọ̀ mí ni mo tó rí i pé kò sí nǹkan kan nínú wọn. Èèyàn lè máa fi irú èsì bẹ́ẹ̀ gbé odidi ọdún kan láìmọ ìlú tí òun wà.

Kò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo tún ní, ta ni kì í gbàgbé iyọ̀, ṣé èmi náà ò gbàgbé rẹ̀ rí ni? Ó forúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n. Mo ní ìyá wo ni kì í pe gbogbo ọmọ ilé tán kó tó kan ẹni tó ń pè? Bí mo ṣe ń bẹ̀rù ni mo ń gbèjà rẹ̀ lọ́dọ̀ ara mi, títí ó fi rẹ̀ mí. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lójú mi, kò sóhun tó ń ṣe Mama, èdè ni Mama ò gbọ́. Mo bi àwọn ọmọ. Wọ́n ní, "Grandma dey alright."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi iṣẹ́, mi ò rí nǹkan mìíràn rò ju omi gbígbóná tó fi ń wẹ ọmọ. Mo ń rò ó pé, tó bá gbàgbé láti fi omi tútù sí i ńkọ́? Mo ń rò nípa sítóòfù, mo ń rò nípa kànga tí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa kì í dé lórí. Ẹ̀rọ tá a fi ń yí ẹ̀jẹ̀ á máa kùn, èmi á máa gbọ́ igbe ọmọ nínú rẹ̀. Ọyàn mi á kún, omi ọmú á máa ro sí mi láṣọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ibà ni, kó jẹ́ ohunkóhun, kó ṣáà má jẹ́ èyí tí mò ń rò.

Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní inú ń run mí, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Awkunanaw lọ́sàn-án gangan. Ilé ìwé ti wà ní ìsinmi, gbogbo wọn wà nílé. Mi ò gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo dúró sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná bí olè, nínú ilé tí mò ń gbé.

Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó ń pa ẹ̀gúsí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ lọ wo bàbá yín lọ́nà oko," ló ń wí. "Ó ti pẹ́ jù. Ẹ sọ fún un pé kó má gba odò kọjá, odò ti kún."

Bàbá mi ló ń sọ. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," làwọn ọmọ mi wí.

"Ọmọ ta tiẹ̀ ni mo pọ̀n yìí? Ta ló gbé ọmọ rẹ̀ jù sí mi lẹ́yìn?"

"Ẹ ṣé, mà."

"Àbí ìyá rẹ̀ ti kú ni? Kò wá fún un lọ́mú látàná. Ẹ ò mọlé wọn ni?"

"Ẹ ṣé, mà." Àbúrò kúnlẹ̀ dáadáa bó ṣe ń sọ ọ́, eékún méjèèjì nílẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ara mi bù máṣọ. Mo di ara ògiri mú. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ohùn rẹ̀. Ká ní ó ń pariwo ni, ká ní ó ń sọ kántankàntan bí alárùn ọpọlọ, ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà. Àmọ́ ohùn ìyá mi tó mọ́ mi létí láti kékeré ni, ohùn tó fi ń rán wa níṣẹ́, kò yí rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu ẹ̀gúsí.

Mo wọlé. Ó gbójú sókè, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?" Ojú rẹ̀ mọ́ gaara, ó mọ̀ mí. Mo na ọwọ́ sí ọmọ, ó ní, "Jẹ́ ó sùn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ló sùn." Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí i? Mo fa àwọn ọmọ méjèèjì wọ yàrá wọn, mo pa ìlẹ̀kùn dé.

Mo ní, "Láti ìgbà wo ni ìyá àgbà ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí?"

Wọ́n wo ara wọn. "Which one, Mummy?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Na Yoruba she dey speak."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi díẹ̀díẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, láti àárọ̀ tí èmi àti bàbá wọn bá ti jáde. Lójú tiwọn, bí Yorùbá ṣe rí nìyẹn: ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á kúnlẹ̀, á dúpẹ́. Ọkọ mi rò pé Ìgbò ni kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì rò pé Yorùbá ni kò jẹ́ ó dáhùn. Èmi nìkan ṣoṣo ní gbogbo Enugu ni etí mi ì bá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èmi sì ni mi ò sí nílé.

Àbúrò ní, "Sometimes she dey cry. We go kneel down, say ẹ ṣé, mà. She go stop."

Háà! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo fi aṣọ mi bojú kí wọ́n má bàa rí omijé mi. Mo rò ó pé lọ́la ni màá kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò ó pé mi ò ní padà síbi iṣẹ́. Mo nu ojú, mo jáde láti lọ gba ọmọ mi. Ẹní wà nílẹ̀, ẹ̀gúsí wà lórí rẹ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá mi ò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀.

Kànga ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Mo dojú bo ẹnu rẹ̀, mo ń wo ìsàlẹ̀, mo ń pariwo orúkọ ọmọ sínú omi dúdú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà. Obìnrin tó ń sun àgbàdo ní òun rí Mama tó pọ̀n ọmọ, ó kọjá báyìí, ó sọ nǹkan kan fún òun. "Kí lo wá sọ fún un?" Ó ní, "I say yes, Mama." Aránṣọ rí i. Mẹkáníìkì rí i. Gbogbo wọn ló bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló mi orí fún un, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Kí ni wọn ì bá tilẹ̀ dá a dúró fún? Ìyá àgbà tó mọ́ tónítóní, tó pọ̀n ọmọ, tó ń kí èèyàn pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn lọ́rì oníyanrìn ń já wá láti ọ̀nà Agbani, wọn ò wo iwájú, wọn ò wẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá tẹ bíréèkì, màá yí padà wò ó. Mò ń pariwo "Ọmọ mi o! Ẹ gbà mí o!" Mi ò mọ èdè tí mo fi ń pariwo. Ẹsẹ̀ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹlòmíràn ló fi hàn mí.

Ibùdókọ̀ ni mo ti rí wọn. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe Emene, Emene. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rí, méjèèjì yọ jáde lábẹ́ ọ̀já, ó ń sùn fọnfọn. Ìyá mi ti di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí rẹ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Ó yíjú padà, inú rẹ̀ dùn tó rí mi, mo sì rò pé ó ti mọ̀ mí.

"Ẹ kú ìrìn o," ló wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó ṣe máa ń kí ìyàwó pásítọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin nìyá ọmọ yìí? Ó jọ yín."

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Ọlọ́run ṣeun!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ mi lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ gbé ẹ̀yìn orí ọmọ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé ọmọ tuntun. "Mo ti ń wá yín kiri. Mò ń bi gbogbo wọn, wọ́n kàn ń mi orí fún mi ṣáá." Ó wo ẹ̀yìn, ó fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, ìyá ọmọ. Ilé tí ẹ gbé ọmọ yìí sí, ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀. Inú yàrá ló máa ń dúró sí, nídìí kọ́bọ́ọ̀dù onídígí. Irú aṣọ mi yìí náà ló wọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, kò dá mi lóhùn, ẹnu rẹ̀ kàn ń mì. Kò mọ èèyàn mọ́. Mo rí i tó gbé ọmọ yín lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìdí tí mo fi gbé ọmọ sá jáde nìyẹn. Orí rẹ̀ ò pé, ẹ gbọ́ mi. Á pa ọmọ yìí lọ́jọ́ kan, kò ní mọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún un mọ́ láéláé."

Ó gbá mi lápá mú, ó wo ojú mi, ó ní kí n búra fún òun. Mo gbé ọmọ mi mọ́yà, mo fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ ìyá mi mú kó má bàa wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo sì búra fún un pé obìnrin yẹn ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́.